Ìdánwò Etí Tí Mo Ṣe Lẹ́ẹ̀mẹta Nítorí Ọmọ Tí Kò Tíì Dé

Odomẹ̀ta, ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán

Aurore ọmọ mi, Àwẹ̀ró mi,

Mo kí ọ o, mo kí ọkọ rẹ, mo kí ẹni tó wà nínú rẹ, mo sì kí onílé yín tó ń gbé ìsàlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kí mi dáadáa nígbà tí mo wá sí Kútọnu lọ́dún ìjẹta. Ṣé ara le? Ṣé ẹsẹ̀ rẹ kò wú mọ́? Ṣé ọmọ ń yí nínú rẹ bó ṣe yẹ? Olúwa tó fi í síbẹ̀ yóò bá wa gbé e jáde ní ìrọ̀rùn, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ, omi tí a ó fi wẹ̀ ẹ́ kò ní gbóná jù, kò sì ní tutù jù. Àmín. Bí o bá ń bèèrè wa, a wà. Bàbá rẹ náà wà, orúnkún wọn ọ̀tún nìkan ni kò sí níbẹ̀ mọ́.

Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, àgbàdo ti ga dé orúnkún, ewúrẹ́ tí o fi owó oṣù rẹ àkọ́kọ́ rà fún mi ti bí mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn sì jọ ọkọ rẹ ní iwájú orí, má sọ fún un. Mo mọ̀ pé wàá máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí ìyá mi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ọ̀rọ̀ yìí gùn ju kírẹ́dì lọ ni, àti pé bí mo bá ń bá ọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, bàbá rẹ máa ń sún àga mọ́ mi, wọ́n á sì máa dáhùn ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n. Mo kúkú lọ kọ́ ìwé ní ilé-ẹ̀kọ́ àgbà fún ọdún méjì, ẹ jẹ́ kí n jèrè rẹ̀.

Ọkọ rẹ ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó wá kí wa níjọ́sí, ó dúró sẹ́yìn mi níbi tí mo ti ń yan gàrí, ó ní òun pè mí lẹ́ẹ̀mẹta, n kò dáhùn. Bó ṣe padà dé ọ̀dọ̀ rẹ ló sọ pé etí ìyá rẹ ti kú, pé bí mo bá wá wẹ ọmọ, ọmọ á sunkún títí irùngbọ̀n á fi hù ú kí n tó mọ̀. Ìwọ náà wá pè mí pé kí n lọ ṣe ìdánwò etí ní Kétu, pé bí ìwé bá jáde dáadáa, èmi ni n ó wá wẹ ọmọ, bí kò bá jáde dáadáa, Ìyá Jean-Baptiste ni yóò ti Adakplamẹ̀ wá. Aurore, n kò bínú. Mo kàn ń sọ ọ́ ni pé nígbà tí ìyá mi wá wẹ ìwọ, ẹnikẹ́ni kò bèèrè ìwé lọ́wọ́ wọn. Ìyá Jean-Baptiste tó bí ọkọ rẹ, àna mi ni wọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n fara balẹ̀ wo orí ọkọ rẹ. Àwọn ni wọ́n wẹ̀ ẹ́. Àwọn ni wọ́n fi omi gbígbóná fà á gùn bẹ́ẹ̀. Ṣé irú orí bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ kí ọmọ náà gbé kiri, pàápàá bó bá jẹ́ obìnrin?

Mo gun alùpùpù lọ sí ilé ìwòsàn ní Kétu ní Ọjọ́bọ̀. Láti ìdájí ni mo ti fi ìyẹ́ adìyẹ ro etí mi méjèèjì, nítorí n kò fẹ́ kí àlejò bá ìdọ̀tí níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Prudence ló gbà mí, ọmọ pẹ̀lẹ́ ni, ọmọ Fọ̀n ni ṣùgbọ́n ó gbọ́ èdè wa bí ẹni tí a bí sí Okpomẹ̀ta. Ó mú bébà kan jáde, ó ń bi mí ní ìbéèrè, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní ṣé mo ń gbé níbi tí ariwo wà. Mo ní mo ti wà nílé ọkọ fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ó ní ariwo ẹ̀rọ ni òun ń bèèrè. Mo wá sọ fún un pé ibi tí mo ti ń ta gàrí, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìlọ àgbàdo ni, ogún ọdún rèé. Ó mi orí, ó kọ ọ́. Mo rò pé ó ń kí mi kú iṣẹ́ ni, mo ní ó ṣeun.

Lẹ́yìn ìyẹn ó fi iná kékeré kan yọjú wo inú etí mi. Mo jókòó jẹ́ẹ́, ohun rere nìkan ni mo ń rò, torí n kò mọ ibi tí iná náà ń ríran dé. Ó ní ìdọ̀tí kò dí mi létí, ṣùgbọ́n kí n má ki ìyẹ́ adìyẹ bọ inú rẹ̀ mọ́, pé awọ tín-ínrín kan wà nínú lọ́hùn-ún, bí ìyẹ́ bá gún un, ó lè ya. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo fi ìyẹ́ adìyẹ ro etí. Iná yẹn ń ríran jìnnà. Ó tún fi rọ̀bà kékeré kan dí mi létí, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí i, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá awọ náà ń mì bó ṣe yẹ kó máa mì. Ó ń mì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, n kò tilẹ̀ mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé mo ní in.

Ìgbà náà ló wá mú mi wọ yàrá kan tí kò ju àpótí aṣọ lọ, tìmùtìmù ni wọ́n fi bo ògiri rẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì nípọn bíi ti fìríìjì àwọn ẹlẹ́ja. Bí wọ́n ṣe tì í báyìí, ayé dákẹ́. Mo ń gbọ́ bí ẹ̀kọ tí mo mu láàárọ̀ ṣe ń rìn nínú mi. Prudence ti fi kásíkì bò mí létí, irú èyí tí àwọn ọmọ Kútọnu fi ń gbọ́ orin lójú títì tí ọkọ̀ fi ń gbá wọn, ó sì ti fún mi ní okùn kan tí bọ́tìnnì wà lórí rẹ̀. Ó ní òun yóò jókòó sí ìta, lẹ́yìn gíláàsì, òun yóò máa rán ohùn sí mi, etí kan lẹ́ẹ̀kan, òmíràn á nípọn bí igbe màlúù, òmíràn á tín-ínrín bíi ti ẹ̀fọn. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, bó ti wù kó kéré tó, kí n tẹ bọ́tìnnì. Mo ní ó ti yé mi. Kò sí ohun tó le níbẹ̀.

Ohùn àkọ́kọ́ dé. Píí. Mo gbọ́ ọ kedere. Mo wo Prudence, kò la ẹnu. Mo wo ẹ̀yìn, kò sí ènìyàn. Aurore, o ṣáà mọ ohun tí ìyá mi kọ́ mi tí èmi náà sì fi kọ́ ọ, pé bí ohùn kan bá pè ọ́ lóko ní ọ̀sán gangan, tí o kò rí ẹni tó ni ín, o kò gbọdọ̀ dáhùn, o kò gbọdọ̀ hùn, o kò sì gbọdọ̀ yíjú. Ìdí nìyẹn tí n kò fi dá ọkọ rẹ lóhùn nígbà tó lọ dúró sẹ́yìn mi bí olè, nítorí pé ọ̀sán ni. Nílé ìwòsàn yẹn náà, aago méjìlá ti kọjá díẹ̀. Mo di bọ́tìnnì mú, n kò tẹ̀ ẹ́.

Píí kejì dé, ó ròkè ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀kẹta tún ròkè sí i. Orí mi wú. Nǹkan náà ń sún mọ́ mi! Mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti ilẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ àdúrà nínú ikùn, mo ní ibi tó bá gbà wá ni kó gbà padà. Nígbà tó rí i pé n kò dá òun lóhùn lápá ọ̀tún, ó dákẹ́ díẹ̀, ó rìn yí mi ká, ó tún bẹ̀rẹ̀ lápá òsì. Ibẹ̀ ló ti jẹ́ pé ó pẹ́ kí n tó gbúròó rẹ̀, mo rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo fi jókòó bẹ́ẹ̀ tí àágùn ń bọ́ lára mi, tí mo ń gbọ́ tí mo sì ń dákẹ́, inú mi sì ń dùn sí ara mi pé mo ṣe akin.

Prudence ṣí ilẹ̀kùn, ojú rẹ̀ fà ro. Ó dojú kọ ẹnìkejì rẹ̀ níbi tábìlì, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé àánú ìyá yìí ń ṣe òun, etí méjèèjì ti lọ pátápátá. Mo ní kò sí èyí tó lọ nínú wọn, wọ́n wà níbí. Àwọn méjèèjì fò sókè. Ẹnìkejì náà tún fi ọwọ́ bo ẹnu kí n má bàa wo ètè rẹ̀, ó rọra bèèrè bóyá n kò tíì jẹun. Mo ní mo ti mu ẹ̀kọ, mo ṣeun.

Wọ́n wá gbé ìwé ìdánwò náà síwájú mi. Aurore, ojú tì mí. Ní apá ọ̀tún, òdo, òdo, òdo, wọ́n tò ó lọ bẹ́ẹ̀, gbogbo rẹ̀ pupa. Ní apá òsì, àgbélébùú tí tíṣà fi ń fa iṣẹ́ tí a kò gbà. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀wọ́, kó tó di pé wọ́n fún ènìyàn ní òdo méje, ó yẹ kí wọ́n wo ọjọ́ orí. Prudence rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní kì í ṣe máàkì. Ó ní òdo kàn dúró fún etí ọ̀tún ni, àgbélébùú dúró fún òsì, bí àmì náà bá wà lókè, ó túmọ̀ sí pé ohùn kékeré ti tó ẹni náà, bí ó bá sì sọ̀ kalẹ̀, ó túmọ̀ sí pé àfi kí a pariwo kó tó gbọ́. Tèmi ti sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ bébà, díẹ̀ ló kù kó bọ́ sórí tábìlì.

Ó wá jókòó tì mí, ó ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é. Ó ní etí kì í lọ lódindi. Ohùn kan lè lọ kí òmíràn kù, etí kan lè rẹ̀ kí ìkejì ṣì jí, ẹni tó ni ín kò sì ní mọ̀, nítorí ohun tí ènìyàn kò gbọ́, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ pé òun kò gbọ́ ọ? Á máa sọ pé àwọn ènìyàn ń kùn lẹ́nu ni. Ìdánwò ló ń sọ etí tó jẹ́, irú ohùn tó jẹ́, àti bó ṣe pọ̀ tó, kí wọ́n lè mọ ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n máa ṣe. Ó wá ní kí ló dé tí mo gbọ́ wúyẹ́wúyẹ́ tí n kò sì tẹ bọ́tìnnì. Mo sọ ìdí fún un. Ó tún di ògiri mú. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó ní òun ni òun ń pè mí, òun Prudence, kí n wò ó dáadáa, ènìyàn ni òun, kí n padà wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Kó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo gbọ́ pé Ìyá Jean-Baptiste ti ra kànrìnkàn tuntun àti ọṣẹ dúdú. Ta ló sọ fún wọn pé n ó kùnà? Ohun tó mú mi ṣe ohun tí mo ṣe nìyẹn, mo sì ń sọ ọ́ fún ọ gẹ́gẹ́ bí ó ti rí. Mo jókòó sínú àpótí yẹn, mo kọjú sí gíláàsì, mo sì rí i pé ìgbàkígbà tí Prudence bá fẹ́ rán ohùn, èjìká rẹ̀ máa ń gbéra díẹ̀. N kò fi etí ṣe ìdánwò náà mọ́. Èjìká gbéra, mo tẹ̀. Èjìká gbéra, mo tẹ̀. Ọmọ náà pariwo, ó ní etí mi dà bíi ti ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó fún mi ní ìwé, gbogbo àmì wà lókè téńté. Mo fi í sínú ọ̀rá, mo gbé e kọ́ ọrùn, mo sọ fún ọlọ́kadà pé kó gba iwájú ọjà lọ kí wọ́n lè rí mi.

Ọjọ́ kejì ni mo gbé ọbẹ̀ kaná, mo jókòó mo ń ṣa ẹ̀wà. Ìgbà tí mo máa gbọ́ òórùn, ọbẹ̀ ti di èédú. Bàbá rẹ dúró sí apá òsì mi, wọ́n ní àwọn ti sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀mẹta pé ọbẹ̀ ń jóná. Èmi tí ìwé mi wà lọ́rùn mi. Mo wo ìkòkò náà, àbúrò mi Akínkúnlé ló sì wá sí mi lọ́kàn.

O mọ àbúrò mi ní Okpomẹ̀ta sí ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, tó máa ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá ọ lẹ́rẹ̀kẹ́ mú bó bá rí ọ. N kò sọ bó ṣe jẹ́ fún ọ rí. Nígbà tó wà lọ́mọdé, èmi ni wọ́n máa ń rán láti lọ pè é. Mo máa pè é títí, kò ní wẹ̀yìn. Gbogbo ilé ní olóríkunkun ni. Mo máa ń fi eegun ìka gbá a lórí kó tó yíjú, bó bá sì yíjú, ẹ̀rín ló máa ń rín sí mi, mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ti tó ọmọ ọdún méje nígbà tí ọkọ̀ akóòwú kan ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀, tó ń fọn fèrè, tí gbogbo wa ń pariwo, tí Akínkúnlé kò gbé ojú kúrò nínú erùpẹ̀ tó ń gbẹ́. Ọkọ̀ dúró ní ìwọ̀n apá kan sí i. Awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti nà án, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó wá yíjú sí ìyá mi, ó ní etí ọmọ yìí kò gbọ́ nǹkan kan. Awakọ̀ òwú ló ṣe ìdánwò fún un, Aurore, lẹ́yìn ọdún méje. Ìgbà tó yẹ kó kọ́ ọ̀rọ̀ ti kọjá. Kò pe orúkọ mi rí títí di òní, gbogbo ìgbà tí mo sì gbá a lórí ń dùn mí.

Mo wá rò ó pé bí ọmọ rẹ bá sunkún lápá òsì mi ńkọ́, tí ìwé irọ́ sì wà lọ́rùn mi? Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo padà sí Kétu, mo sọ òtítọ́ fún Prudence, mo ní kó yí àga mi kọjú sí ògiri. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Mo di ojú, mo tẹ ohun tí mo gbọ́, n kò tẹ ohun tí n kò gbọ́, ó sì le ju bí o ṣe rò lọ, nítorí nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá dákẹ́, ó máa ń ṣe ènìyàn bíi kó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí wọ́n má bàa rò pé ó ti sùn. Ó tún gbé nǹkan kékeré kan ti eegun tó wà lẹ́yìn etí mi, ohùn sì ń gba inú eegun wọlé, ó ní ìyẹn ló máa sọ bóyá ojú ọ̀nà ló dí tàbí inú lọ́hùn-ún ló ti rẹ̀. Mo ti sọ fún bàbá rẹ pé eegun orí náà ń gbọ́ ọ̀rọ̀, kí wọ́n wá àwáwí mìíràn bí mo bá rán wọn níṣẹ́.

Ohun tó rí nìyí. Etí ọ̀tún mi dára, ìwọ̀nba ohùn tó tín-ínrín jù ló bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nítorí ọjọ́ orí. Etí òsì ni ẹ̀rọ ìlọ àgbàdo ti jẹ, ogún ọdún tí mo fi kọ ẹ̀gbẹ́ yẹn sí i, kò sì ní padà bọ̀ sípò. Apá òsì yẹn náà ni mo fi ń gbé fóònù bí o bá pè mí, kí ọwọ́ ọ̀tún lè máa ro gàrí, mo sì ń dá ọ lébi pé o kì í sọ̀rọ̀ sókè. Forí jì mí. Mo ti gbé àga mi kọjá sí òdìkejì títì, jìnnà sí ẹ̀rọ. Mo fi ìwé tòótọ́ náà sínú lẹ́tà yìí. Èyí tó ní mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo ti fi dáná.

Ohun tí mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ yín nìyí. Prudence ní nǹkan kékeré kan wà tí wọ́n ń fi sẹ́yìn etí, tó máa ń gbé ohùn ga, òkúta bátìrì rẹ̀ kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Bí ẹ bá rí díẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ti ọmọ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ó ní ọmọ tuntun náà ní ìdánwò tirẹ̀, láàárín ọjọ́ tí wọ́n bí i gan-an, nínú oorun. Wọ́n á fi rọ̀bà kékeré sí i létí, wọ́n á rán ohùn wọlé, etí náà fúnra rẹ̀ á dá ohùn kín-ún padà, ẹ̀rọ á sì gbọ́ ọ. Kò ní tẹ bọ́tìnnì kankan. Ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́ ọ pé kó má dáhùn. Bí wọn kò bá ní in níbi tí o máa bí sí, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ní in, ẹ má jẹ́ kó di pé awakọ̀ kan ló máa sọ fún yín.

Kí ìwọ àti ọkọ rẹ wá jókòó, kí ẹ pinnu. Bí ẹ bá ní kí Ìyá Jean-Baptiste wá, n kò ní bínú ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Kí àwọn náà ṣáà kọ́kọ́ ṣe ìdánwò, kí wọ́n sì yí àga wọn kọjú sí ògiri. Bí ẹ bá sì ní kí èmi wá, mo ti di ẹrù. Kí Olúwa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀, kí ó ṣe ẹ̀yìn oyún rẹ ní ẹ̀rọ̀, kí ó fún ọmọ náà ní etí méjèèjì àti orí tó mọ níwọ̀n. Ọjọ́ tí mo bá wọlé, ẹ má wulẹ̀ fi kíkí pa mí lára, ẹ má sì gbé àga fún mi. Ẹ ṣáà gbé ọmọ náà sí apá ọ̀tún mi.

Èmi ìyá rẹ,
Morónkẹ́